Obìnrin Tó Ń Fọ Pátá Ọmọ Ọlọ́mọ

Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ ní Ìyá Onígárawá. Gárawá onírin kan wà tí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, tó bá sì ti ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, dídún gárawá yẹn la fi ń mọ̀ pé òun ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbá ilẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi tí wọ́n gba èmi náà sí gẹ́gẹ́ bíi tíṣà, kó nu ìtọ̀ nílẹ̀, kó sì fọ pátá àwọn ọmọ tó bá ṣu sára. Ó ti ṣe é fún ọdún mẹ́rìndínlógún kí n tó dé ibẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo bá a níbi tó ti ń fọṣọ, mo fi ìka di imú mi. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà Kékeré," ó ní, "ìgbẹ́ ọmọdé ò pààyàn. Ẹni tó bá jẹun ló ń ṣu. Látìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ìgbẹ́ ò rí mi lára rí. Èèyàn ló máa ń rí mi lára."

Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà, ìwé ẹ̀rí mi ṣì ń rùn fún yíǹkì, mo sì gbà pé kò sí ohun tí agbálẹ̀ kan lè kọ́ mi.

Ó bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo, ìyẹn sì ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Tí Ìyá bá lọ wo ọmọ ọmọ rẹ̀, ìyàwó ọmọ rẹ̀ á ti gbé omi gbígbóná àti oògùn apakòkòrò dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kó tó gbé ọmọ náà. Ìyá á sì fọ̀ ọ́. Ó sọ fún mi pé òun kì í bá a jà. "Mo ti fọ ìdí ọkọ rẹ̀ kóun tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé."

Ọ̀gá tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà jẹ́ obìnrin arẹwà kan tó máa ń fín lọ́fínńdà débi pé òórùn rẹ̀ á ti dé ọ̀dọ̀ rẹ kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì ló wà lọ́gbà wa. Èyí tí àwọn ọmọ ń lò wà lẹ́yìn: ilẹ̀kùn rẹ̀ ti já, omi kì í yọ níbẹ̀, ìdin a sì máa rìn gba etí ihò rẹ̀ lójú ọ̀sán gangan. Ìkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì, táìsì funfun, ọṣẹ olóòórùn dídùn, aṣọ ìnuwọ́ tí wọ́n ká bí ìwé. Ti àlejò nìyẹn. Ó ní àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà nínú báàgì Ọ̀gá. Ìyá ló ń fọ méjèèjì. Ó ní ti àlejò yẹn, kò sẹ́ni tó ń ṣu síbẹ̀, eruku orí ṣekárími lòun kàn ń bá wọn nù.

Ní ọdún kejì mi, ìwé dé láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Wọ́n ní gbogbo jẹ́lé-ó-sinmi gbọ́dọ̀ máa kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀tọ́ wọn, àti pé àwọn kan ń bọ̀ wá wò ó. Wọ́n fi àwòrán mẹ́fà sínú ìwé náà, ká lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri: ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ọmọ tó ń jẹun, ọmọ tó ń mu omi, ọmọ tí dókítà ń tọ́jú, ọmọ tó ń ṣeré, àti ìkẹfà, ọwọ́ ńlá kan tó ṣíji bo orí ọmọdé. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Mo ní ẹ̀tọ́ sí ààbò àti iyì."

Mo fẹ́ràn àwọn àwòrán náà. Mo ti ń ronú bí màá ṣe ṣàlàyé wọn fún ọmọ ọdún mẹ́ta, bí màá ṣe ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ àti ohun tí wọn ò fẹ́. Ọ̀gá ní kí n má da ara mi láàmú.

"Àlàyé kí lo fẹ́ ṣe fún ọmọ jòjòló? Kí wọ́n mọ̀ ọ́n lórí lèmi ń fẹ́."

Ó sọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dorin. Láti àárọ̀ dé ọ̀sán, orin ẹ̀tọ́ là ń kọ. Ọ̀rọ̀ náà ò tiẹ̀ yé wọn. Ọmọ kan bi mí pé, "Tíṣà, ṣé ẹ̀tọ́ dùn?" Àwọn mìíràn ò lè pè é, "Mo ní ìtọ̀" ni wọ́n ń sọ. "Mo ní ìtọ̀ láti ṣeré. Mo ní ìtọ̀ sí omi mímọ́." Ọ̀gá á fi rúlà gbá ẹni tó bá ṣì í pè lórí. Ó ní kí wọ́n pè é bí èèyàn. Báyìí la ṣe ń fi rúlà kọ́ ọmọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lù ú, èmi ni mo sì ń bá wọn pàtẹ́wọ́ orin náà.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí àlejò ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ dé, a wọ aṣọ funfun fún wọn, ká lè wò ó bí yóò ṣe rí lọ́jọ́ náà. Méjìlélógún ni wọ́n, wọ́n jókòó sórí ẹní ní ìlà mẹ́ta. Ọ̀gá ní kí n má fún ẹnikẹ́ni lómi.

"Ẹni tí ò mumi ò ní tọ̀," ó ní. "Aṣọ funfun nìyẹn."

Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kó ike omi wọn, méjìlélógún, sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ń kọ ọ́ lórin pé àwọn ní ẹ̀tọ́ sí omi mímọ́, ojú wọn sì wà lára ike omi lókè.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí gbogbo wa ń pè ní Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún bí ẹni pé ó fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀. Ó dìde.

"Tíṣà, ìgbẹ́ ń gbọ̀n mí."

Mo wo ojú Ọ̀gá. Ọ̀gá ní, "Jókòó. Tí àlejò bá wà níbí, ṣé báyìí ni wàá ṣe dìde?"

Ó jókòó. Ó tún dìde nígbà tó yá. "Mo ní kó o jókòó." Kò dìde mọ́. Mo rí i tó di etí ẹní mú lọ́wọ́ méjèèjì, tó ń mì síwá mì sẹ́yìn, tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń kọrin. Lẹ́yìn náà ló dákẹ́, ó sì wolẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún wa. Òórùn ti sọ ọ́.

Ọ̀gá bo imú rẹ̀. "Ẹ wo ẹlẹ́gbin ọmọ. Gbogbo yín, ẹ di imú yín mú. Ẹ sọ pé, ṣíọ̀."

Àwọn ọmọ náà dimú. Wọ́n ké ṣíọ̀ sí i. Ó dùn mọ́ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n tún ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n ṣe é. Ọmọ ọdún mẹ́ta ò mọ ìkà láti ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ, mo dúró tí wọn tí wọ́n fi kọ́ ọ tán.

Ọ̀gá fà á dìde ní apá, ó mú un lọ sídìí ògiri, ó ní kó dúró síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ títí orin á fi parí. Abẹ́ àwòrán kẹfà gan-an ló mú un dúró sí, n ò sì rò pé ó tiẹ̀ fura. Ọmọ náà ò sunkún. Ó kàn ya ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó má baà fi kan ara wọn, nǹkan náà sì ń ṣàn bọ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Eṣinṣin dé. A bẹ̀rẹ̀ orin láti ìbẹ̀rẹ̀.

A ti kọ ọ́ dé ibi eré nígbà tí Ìyá wọlé. Ó wo ìdí ògiri.

"Ta ló ní kí ọmọ yìí dúró báyìí?"

"Èmi ni," Ọ̀gá dáhùn. "Màmá, ẹ má dá sí i. Mo fẹ́ fi kọ́ ọ lọ́gbọ́n ni. Ẹ jẹ́ kójú tì í díẹ̀."

Ìyá gbé gárawá sílẹ̀. Ó wo Ọ̀gá, ó wò mí, ó sì tún padà wo Ọ̀gá. Mo ti rí i tó ń wo ìdin, mo ti rí i tó ń wo èébì àti ìgbẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Kò fojú tó fi wò wá yẹn wo èyíkéyìí nínú wọn rí.

"Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àlejò," ó ní. "Omi ẹ̀yìnkùlé ti tán."

"Kí ẹ lọ fọ ìdí ọmọ lórí táìsì tó mọ́? Ṣé orí yín pé?"

"Orí mi pé, Ọ̀gá. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń kó ìgbẹ́ nílé yìí, kò rí mi lára rí. Ẹ̀yin lẹ rí mi lára. Ẹ rí mi lára débi pé tí ara mi bá kan tiyín, màá lọ wẹ̀."

Kò pariwo. Bí ẹni tó ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀ ló ṣe sọ ọ́. Ó gbé ọmọ náà mọ́ àyà bó ṣe wà, gbogbo ẹ̀gbin yẹn sì lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú sí mi.

"Tíṣà, gbé ike omi rẹ̀ wá fún mi."

Mo wo ojú Ọ̀gá. N ò gbé e.

Mo ti gbìyànjú láti wá àwáwí sí i láti ọjọ́ náà. Mo ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ni, mo ní ìyá mi ń ṣàìsàn nílé, mo ní tí wọ́n bá lé mi ńkọ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, omi ọmọ náà ni, kì í ṣe omi Ọ̀gá, apá mi sì gùn tó kọ́bọ́ọ̀dù dáadáa.

Nígbà tí Ọ̀gá wọ ọ́fíìsì lọ, mo yọ́ lọ sẹ́yìn. Ìyá ti fi omi mímu tirẹ̀ fọ Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ tán, ó ti fi ìborùn rẹ̀ wé e, ó gbé e jókòó sórí gárawá tó dojú rẹ̀ bolẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn ògiri, ojú ń tì mí láti yọ sí wọn.

"Kí ni wọ́n ń kọ́ yín nínú ilé yẹn?" Ìyá bi í.

Ọmọ náà fa ikun símú, ó gbé orin sẹ́nu. "Mo ní ìtọ̀ sí omi mímọ́..."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ìtọ̀ gan-an ni. Tí ìtọ̀ yẹn bá wá ń gbọ̀n ẹ́, kí ni wàá ṣe?"

"Màá sọ fún Tíṣà."

"Tí Tíṣà bá ní rárá ńkọ́?"

Ọmọ náà rò ó. "Màá tọ̀ sára."

"O ò ní tọ̀ sára. Wàá dìde, wàá máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ara ta ni?"

"Ara tèmi."

"Tí wọ́n bá ní kó o jókòó ńkọ́?"

"Màá máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín."

"Ọmọ gidi. Tí ẹlòmíì bá ṣu sára, kí la máa ń sọ fún un?"

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ò mọ̀ ọ́n. Ṣíọ̀ nìkan la kọ́ ọ. Ìyá sọ fún un pé, "Pẹ̀lẹ́ la máa ń sọ." Ó ní kó sọ ọ́, ó sọ ọ́. Ẹ̀kọ́ náà ò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ní àwòrán.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, gbogbo ọmọ tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń kọ́. Ó sọ ọ́ deré fún wọn lábẹ́ igi ẹ̀yìnkùlé: ọ̀kan á ṣe Ọ̀gá, á na ìka, á ní "Jókòó," èkejì á dìde, á máa rìn lọ wẹ́rẹ́ bí ẹni pé kò gbọ́, àwọn tó kù á pàtẹ́wọ́. Gbogbo wọn ló fẹ́ ṣe Ọ̀gá, torí pé ẹni tó bá ṣe Ọ̀gá ló lè fi ọwọ́ bomú kó máa yan fanda. Mo rí wọn. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ìyẹn náà sì wà lára ohun díẹ̀ tí mo ṣe tó dáa.

Àlejò méjì ló dé, ọkùnrin oníkùn kan àti obìnrin kan tó wọ awò. A fún wọn ní bísíkíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ orin. Ẹnu ọ̀nà ni Ọ̀gá fi mí sí, kí ẹnikẹ́ni má jáde.

Ní ẹsẹ kẹta orin, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin dìde láti ìlà iwájú.

"Jókòó, ọmọ dáadáa," Ọ̀gá ní, eyín rẹ̀ fẹ̀, ojú rẹ̀ le.

"Ara tèmi ni," ọmọ náà dáhùn. Kò bínú. Bí ẹni tí wọ́n bi lórúkọ ló ṣe dá a lóhùn, ó sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ dìde tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, àwọn mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, n ò mọ iye wọn mọ́. Ọ̀gá ń fi ojú sọ fún mi pé kí n dí ọ̀nà. Mo yẹ̀ fún wọn.

Ọkùnrin oníkùn náà dìde, ó gbé fáìlì rẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn lọ sẹ́yìn. Mo tẹ̀ lé òun náà. Ó rí ilẹ̀kùn tó já. Ó rí ìdin. Ó rí Ìyá tó kúnlẹ̀ tó ń tú pátá ọmọ, tí àwọn mọ́kànlá tò sẹ́yìn ara wọn, ọ̀kan ń sọ fún èkejì pé, "Pẹ̀lẹ́ o." Mo ní nínú mi pé, ó parí, àṣírí ti tú.

Ọkùnrin náà fi háńkáṣíìfù bo imú. Ó bi Ọ̀gá tó ti sáré dé pé, "Ṣé ẹ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mìíràn? Ó ń ṣe mí bíi kí n tọ̀."

Ọ̀gá ṣí báàgì rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà jáde, ó ń fi aṣọ olóòórùn dídùn nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó jẹ bísíkíìtì tó kù tán kó tó lọ.

Ìwé tí wọ́n kọ dé lọ́sẹ̀ kejì, èmi ni Ọ̀gá sì ní kí n fi sínú fáìlì. Wọ́n ní àwọn ọmọ wa mọ ẹ̀tọ́ wọn lórí dáadáa. Wọ́n gbóríyìn fún orin. Wọ́n ní kí ilé-ẹ̀kọ́ wá nǹkan ṣe sí àìgbọràn díẹ̀ tí àwọn ṣàkíyèsí láàárín àwọn ọmọ. Kò sí ìdin níbẹ̀, kò sí ilẹ̀kùn. Èébì gbé mi gan-an, kì í ṣe àpèjúwe. Mo jáde lọ bì ní ẹ̀bá ọgbà.

Ìyá ò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà náà. Ọjọ́ tí àlejò wá gan-an ni wọ́n lé e. Ọ̀gá tó ti ń pè é ní Màmá látọjọ́ yìí, tó ń bá a sọ "ẹ" àti "yín", dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó ní, "Kó ẹrù rẹ, kó o máa lọ. Aláìmoore." Ìyá kó bàtà rọ́bà rẹ̀, ife rẹ̀, àti ìró kan. Ó kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò kí mi.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n lé e, mo dá ìyá Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ dúró nígbà tó wá mú ọmọ rẹ̀. Onídìrí ni, ọwọ́ rẹ̀ ń rùn fún ìpara irun. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, látorí omi dé ìdí ògiri. Ó gbọ́ ọ tán.

"Ìwọ ńkọ́, Tíṣà? Níbo lo wà?"

"Mo wà níbẹ̀, mà."

Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó pòṣé, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Wọn ò padà wá mọ́.

Obìnrin mẹ́ta ni Ọ̀gá gbà síṣẹ́ Ìyá láàárín oṣù méjì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sá. Ló bá ní èmi ni kí n máa fọ pátá kí òun tó rí ẹlòmíì. Mo fọ̀ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọjọ́ kìíní, mo di imú. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, n ò rántí imú mọ́, mò ń bá ọmọ tí mò ń fọ̀ sọ̀rọ̀, ìgbẹ́ náà ò jẹ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí òórùn lọ́fínńdà Ọ̀gá bá ti wọ ẹ̀yìnkùlé, màá tún fi ìka di imú. Lọ́jọ́ kẹwàá, n ò lọ mọ́.

Èmi náà ti ní jẹ́lé-ó-sinmi tèmi báyìí, iyàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan, ọmọ mọ́kànlá sì ni àwọn òbí gbé fún mi. Ilé ìwòsàn ni mo ti rí Ìyá, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, níbi tó ti ń fọ aṣọ ibùsùn. Mo ní kó wá bá mi ṣiṣẹ́.

"Kí n wá máa fọ pátá?"

"Rárá, Ìyá. Ẹ wá máa kọ́ wọn ni."

Ó ní òun ò mọ̀wé. Mo ní mo mọ̀. Ó fún aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "N ò bínú sí ọ," ó ní. "Àmọ́ mo ní kí o gbé omi wá." Ó gbé agbọ̀n aṣọ rẹ̀, ó lọ.

Ìgbà kẹrin tí mo lọ bẹ̀ ẹ́ ló gbà, ó ní ọjọ́ Jímọ̀ nìkan lòun á lè máa wá. Ó máa ń jókòó sórí àpótí kékeré, kí ojú òun àti tàwọn ọmọ lè dọ́gba. Ó máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè, á sì dúró de ìdáhùn, kódà tó bá pẹ́. Èmi náà ń kọ́ dídúró yẹn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ṣòro ju bó ṣe rí lójú lọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ Ọ̀gá ṣì wà, wọ́n tún un kùn, àwọn ọmọ ibẹ̀ ti lé lọ́gọ́rùn-ún. Tí èmi àti Ìyá bá jọ ń gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ, ó máa ń sọdá sí òdìkejì títì. Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá kò lè dárí jì wọ́n, torí pé ó ti pẹ́.

"Ìdáríjì wo?" ó ní. "Ta ló bẹ̀ mí? Kí wọ́n lọ bẹ ọmọ náà ná."

Ó tutọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó fi bàtà gbo ó mọ́lẹ̀, ó ní ká yára, ká lè ra ọṣẹ kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù.